Ẹrù Tí Mo Sọ̀ Lọ́nà Bobiel

Nígbà tí ọrùn mi ṣì ń gbé ẹrù, tí mo ń kiri àǹkárá láti àdúgbò Lazaret dé ti Bobiel nílùú yìí, kò sẹ́ni tó lè dẹ́rù bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ẹ gbọ́, mo lẹ́nu nígbà yẹn!

Ìyá Sàláù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́ mi lówò, máa ń wí pé, "Adúkẹ́, ọjọ́ tí nǹkan bá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ẹrù ni kó o kọ́kọ́ sọ̀. Ọwọ́ ẹ méjèèjì wà lókè, ọrùn ẹ ò ṣeé yí. O ti bá ẹni tó ń bọ̀ di ara ẹ mú."

Mo ní, "Kí n gbé àǹkárá sínú erùpẹ̀? Ìyá, ẹ̀yin náà lè ṣe é?"

Ó ní, "Mi ò ṣe é lọ́jọ́ kan." Ó ṣí bùbá léjìká. Àpá ibẹ̀ gùn ju ìka mi lọ. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́... fún bí ọjọ́ méjì.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀sán gangan. Ẹ mọ ìjì eruku ìlú yìí. Ó dìde bí ògiri, sánmà pọ́n, ó pọ́n, ó wá dúdú. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mò ń rìn lọ, ẹrù lórí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo dúró, ó dúró. Mo rìn, ó rìn. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Èémí nìkan ni mò ń gbọ́.

Ṣé ẹ̀rù bà mí? Ẹni tó bá ní ẹ̀rù ò ba òun rí, irọ́ ló ń pa. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo di ẹrù mú le sí i. Kí aṣọ má bàjẹ́, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn! Ló bá dà bíi pé Ìyá Sàláù ń sọ ọ́ sí mi létí: "Sọ̀ ọ́." Mo sọ̀ ọ́. Mo rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lóṣòó, mo panu mọ́.

Mo wá gbọ́ ọ. Fàààà. Ohùn tí mo mọ̀ jù láyé... aṣọ ni wọ́n ń gé. Ẹsẹ̀ ẹni yẹn kan ẹrù mi nínú eruku, ó rò pé èmi ni mo lóṣòó síbẹ̀.

Ẹ̀rù yẹn bá yí padà nínú mi. Mo fi ohùn tí mo fi ń polówó kígbe ní Haúsá: "Na gan ka!" Pé mo rí i. Irọ́! Kí ni mo rí? Ṣùgbọ́n ohùn mi ò gbọ̀n, ẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò sì hàn nínú eruku. Mo gbọ́ bó ṣe sá lọ. Mi ò mojú ẹ̀ dòní. Bóyá mo ti tà á láṣọ rí.

Aṣọ náà nìyí. Ràfí, ọmọ ọmọ mi, fi ìka síhò yẹn. Ìpele márùn-ún ni ọ̀bẹ gbà kọjá...

Ẹ̀yin ti ìsinsìnyí, ẹ ò gbẹ́rù lórí mọ́, etí lẹ fi ń gbé e. Nǹkan funfun méjì, orin ń dún. O ní kò sóhun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀.

Ràfí, lónìí, láti ibi tí tasí ti já ẹ sílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà wa, èmi ni mo wà lẹ́yìn ẹ. Èmi, arúgbó, pẹ̀lú ọ̀pá mi... ó ń dún kò, kò, kò. O dúró, mo dúró. O rìn, mo rìn.

O ò bojú wẹ̀yìn.