Ilẹ̀ Ni Mo Rà, N Kò Ra Ọ̀pẹ

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí egungun mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń wo iye ilẹ̀ nínú fóònù. Ẹsẹ̀ la fi ń wò ó. Wàá rìn débẹ̀. Wàá dúró. Wàá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ bóyá omi òjò máa ń wọlé.

Músílì, pa fóònù yẹn. O ti kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀bá títì, iye báyìí. Ilẹ̀ ọ̀nà Onígbólò tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń gbà, iye báyìí. Àdúgbò tiwa níbí, ìlọ́po méjì, torí pé ó sún mọ́ ọjà. Ìwọ àti Fatimọ rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ẹ ní kí n ta ilé yìí, kí n wá bá yín gbé ní Kútọnu, nítorí pé ìyá yín àgbà ti lọ, ilé sì ti tóbi jù fún èmi nìkan.

Ẹ jókòó. Ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa fi àdúgbò wé àdúgbò. Ó dáa. Èmi náà á fi wé e.

Ìgbà àwọn Faransé ni, ayé kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè. Mo ti kàwé tán ní Àjàṣẹ́, mo wá ń ṣe akọ̀wé níbi tí àwọn òyìnbó oníṣòwò kan ti ń wọn ẹkùrọ́ ní Ṣakété. Ọkọ̀ ojú irin ń ti Pobẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, á gba Ṣakété kọjá, ó di Àjàṣẹ́, á sì padà tó bá yá. Ẹ gbọ́, ọkọ̀ yẹn ló ń sọ iye ilẹ̀. Ibi tí o ti lè gbọ́ fèrè rẹ̀ kí o tó wá bàtà rẹ, ibẹ̀ wọ́n. Ibi tí o ti gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà kí fèrè tó dún, owó ibẹ̀ kò tó nǹkan.

Yàrá kan ni èmi àti Ràfátù, ìyá yín àgbà, ń gbé nígbà náà, nínú agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Ṣakété. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ. Mùsùlùmí gidi ni, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́nu dáadáa, ẹnu ọ̀hún sì mú. Tí a bá ń jẹun, á wò mí.

"Akọ̀wé, ṣé oúnjẹ dùn?"

"Ó dùn, Bàbá."

"Oúnjẹ ilé àna máa ń dùn. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkùnrin rántí pé òun ò nílé."

Àwọn ìyàwó rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á gbé òkèlè mi mì. Ràfátù kì í rẹ́rìn-ín. Tí a bá wọ yàrá, á ní, "Ṣé o gbọ́ ọ? Wá ilẹ̀."

Mo wá ilẹ̀. Ẹ gbọ́ iye tiwa. Àwọn mìíràn ń fi fránkì ronú. Èmi tí mò ń wọn ẹkùrọ́ lójoojúmọ́, àpò ẹkùrọ́ ni mo fi ń ronú. Ìdí ọkọ̀ ní Ṣakété, ogójì àpò. Ogójì! Ẹ̀yìn mọ́sálásí, ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá mọ bàbá tó bí bàbá ẹ, wọn ò ní tà á fún ẹ. Ìpẹ̀kun ìlú, mẹ́wàá, ejò sì ti ń gbébẹ̀ ṣáájú ẹ. Ìdí ọkọ̀ ní Pobẹ̀ níbí, márùndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀nà Ìgànná, níbi tí àwọn èèyàn mi ti ń ṣoko, mẹ́jọ péré, ṣùgbọ́n ìrìn ibẹ̀ ì bá ti pa mí kí n tó débi ọkọ̀.

Lónìí ńkọ́? Koríko ti bo ojú irin. Zẹ́mì, alùpùpù akérò yín, ń gbé yín dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ sì ṣì ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́...

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin ará Pobẹ̀ kan gbé ẹkùrọ́ wá. Ó ní òun ní ilẹ̀ kan ní ìdí ọkọ̀, ibi tí a jókòó sí yìí. Ó pè é ní àpò méjìlá. Méjìlá! Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gba márùndínlọ́gbọ̀n. Ṣé mo béèrè ìdí tí ó fi dínwó? N kò béèrè. Ṣé mo sọ fún Ràfátù? N kò sọ. Mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu. Mo kọ ìwé rẹ̀ fúnra mi, ní Faransé, lẹ́tà rẹ̀ gún régé. Ọkùnrin náà tẹ̀ka. Ẹlẹ́rìí méjì tẹ̀ka. Mo ká a sápò, mo wá ń rìn bíi gómìnà.

Mo fi ọkọ̀ gbé Ràfátù wá wò ó. Ó rìn yí ilẹ̀ náà ká. Ó wá gbójú sókè. Ọ̀pẹ méje ló wà níbẹ̀.

"Akọ̀wé, ta ló ni ọ̀pẹ?"

"Ọ̀pẹ wo?"

"Èyí tó wà lókè orí ẹ."

"Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ohun tó wà lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lòfin wí."

"Òfin ta ni?"

Ẹ gbọ́, ọmọ oko ni mí. Kí n tó mọ̀wé ni mo ti mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pẹ lọ́tọ̀. Bàbá lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kan, kó fi ọ̀pẹ orí rẹ̀ fún òmíràn. Ẹni tó ra ilẹ̀ kò ra ọ̀pẹ, àfi tí wọ́n bá dárúkọ ọ̀pẹ. Kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwé ló jẹ́ kí n gbàgbé. Síbẹ̀ mo ṣe agídí. Mo ní kí wọ́n máa mọ ilé lọ.

Ògiri ti dé ìbàdí nígbà tí mo wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan. Mo gbọ́ gbì! Ìdì ẹyìn kan já lu ògiri mi, ògiri fọ́. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó fi igbà kọ́ra lórí ọ̀pẹ. Nísàlẹ̀, ìyá arúgbó kan ń ṣa ẹyìn sínú agbọ̀n. Ìyá Abẹ̀ní ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ẹni tó tà fún mi ni.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe nínú ilé mi?"

"Ilé? Èmi ò rí ilé. Ẹyìn mi ni mò ń ṣa."

Mo fa ìwé yọ. Mo ní n óò lọ bá kọ̀máńdà.

"Kà á kí n gbọ́," ni ìyá wí. "Kà á ní èdè tí ìyá rẹ fi tọ́ ẹ."

Mo kà á. Gígùn ilẹ̀. Ìbú rẹ̀. Àwọn tó bá a pààlà. Orúkọ mi.

"Níbo lo ti kọ ọ̀pẹ sí?"

Kò síbì kankan. Ẹni tó wà lókè rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rù fi bà mí pé yóò já bọ́. Ó ké sílẹ̀: "Akọ̀wé, ṣé tàdáwà ló tán ni?"

Gbogbo Pobẹ̀ ló mọ ìdí tí ilẹ̀ yẹn fi jẹ́ méjìlá. Èmi tí mo mọ̀wé nìkan ni n kò mọ̀. Kí n tó padà dé Ṣakété, ọ̀rọ̀ ti débẹ̀. Bàbá Ràfátù ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Akọ̀wé, ẹ kú orí ire. Mo gbọ́ pé o kọ́lé sábẹ́ òjò ẹyìn."

Mo sọ fún Ràfátù pé n óò ta ilẹ̀ náà.

"Fún ta ni? Ta ló tún gọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Ó wọkọ̀ lọ bá Ìyá Abẹ̀ní. Ó kúnlẹ̀. Kò tọrọ ọ̀pẹ o. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ ń ru ẹyìn lọ sílé fún nínú oòrùn? Ẹ jẹ́ kí n máa se é níbí, kí n máa fún epo rẹ̀. Ká pín in." Ìyá gbà. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni Ràfátù, kò fọwọ́ kan ẹyìn rí láyé rẹ̀. Ó kọ́ ọ. Epo sọ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ di pupa títí aṣọ kò fi mọ́ mọ́. Èyí tó kàn án nínú èrè, kò ná an. Ó fi ra ọ̀pẹ kan lọ́wọ́ ìyá. Lẹ́yìn náà, òmíràn. Lójú ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú orúkọ. Èmi ni mo kọ ìwé, ó sì dúró lé mi lórí: "Kọ pé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kọ pé èyí tó tẹ̀." Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà á kí méjèèje tó pé. Lọ́jọ́ tí Ìyá Abẹ̀ní ta ìkẹyìn fún un, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ, ìwọ lo ra ilẹ̀. Ìyàwó ẹ ló ra ilé."

Ṣé ó yé yín báyìí? Ilẹ̀ ni tèmi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ta tirẹ̀?

Oṣù keje rèé tí Ràfátù ti wà nínú yàrá yẹn, lábẹ́ sìmẹ́ńtì. N kì í sọ ọ́ púpọ̀. Láàárọ̀ mo ṣì máa ń pọn omi ìwẹ̀ garawa méjì. Tí mo bá rántí, n óò da ìkejì sídìí ọ̀pẹ.

Músílì, ẹni tí o mú wá lánàá pé kó ra ilé, kò jókòó. O fún un ní àga, kò jókòó. Ó ń fi Faransé bá ọ sọ̀rọ̀, ó rò pé arúgbó oko ni mí. Ó béèrè bóyá ibojì wà nínú ilé. O ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á yọ kúrò lára owó. Ẹ gbọ́ o! Ràfátù tó fi epo ra ilé, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ yọ owó. Ó tún ní òun á gé ọ̀pẹ, kí mọ́tò òun lè ríbi dúró.

Ìwọ ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo fi Faransé rẹ̀ dá a lóhùn. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ilẹ̀ nìkan ni mo ní. Ẹni tó ni ìyókù ń sùn ní yàrá, kì í sì í dá àlejò tí kò jókòó lóhùn."

Ẹ rò pé ìbínú arúgbó ni. Kì í ṣe ìbínú. Ayé yín ti dára, n kò bá yín jiyàn. Ẹ mọ iye gbogbo àdúgbò láì kúrò lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ díye lé ilé kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jìyà kọ́ ọ.

N kò lọ sí Kútọnu. Yàrá mẹ́ta ló ṣófo níbí, ẹni tó bá fẹ́ bá mi gbé kó máa bọ̀. Fatimọ, ibi tí ẹ máa tẹ́ mi sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín àgbà, nínú yàrá yẹn. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i. Tí a bá ti di méjì níbẹ̀, ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn kó padà wá, kó wá yọ owó lẹ́ẹ̀mejì.