Làmídì àti Ọmọbìnrin Tó Ń Wá A

Nígbà tí mo ṣì ń pọn omi lódò, ní Èkìtì lọ́hùn-ún, wọn kì í dárúkọ ikọ́ ẹ̀gbẹ sókè. Ojú mi báyìí ló ṣe Àjàyí, àbúrò ìyá mi. Wọ́n kọ́ ahéré fún un lóko. Abọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, ife tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ. Á ti òkèèrè kígbe pé, "Gbé e síbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, má súnmọ́ mi o!" Á tún máa rẹ́rìn-ín… Ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, ayé ti yí padà. Ṣé ẹ rántí Làmídì, télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó gba yàrá iwájú níbí, l'Ẹ́gbẹ̀dá? Ó ń wúkọ́, ó ń rù. Mo ní kó lọ sí ọsibítù. Ó lọ, ó dé, ó ní, "Màmá, wọ́n ní atẹ́gùn ni."

Kò pẹ́, ọmọbìnrin kan dé, arẹwà, ó wọ àǹkárá. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Làmídì ni mò ń wá." Mo ní, "Kí lo fẹ́ bá a ṣe?" "Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni, mà." Háà! Làmídì ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ọmọ náà tún wá. Ó tún wá. Kí lẹ̀yin ì bá rò?

Mo pe Làmídì jókòó. "O fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún, o wá ń sá, àbí?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá."

"Èwo ni ẹ má bínú? Tó bá tún dé, wàá tẹ̀ lé e!"

Ó sì tẹ̀ lé e o. Láràárọ̀ ló ń jáde. Èmi náà ń yọ̀, mò ń fi ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀, mo ti ń ronú orúkọ ọmọ! Ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò, ikọ́ ń rọlẹ̀. Mo ní ìfẹ́ dùn jàre.

Àfi bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́jọ́ kan. "Màmá, nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin yẹn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n rí lára mi ní ọsibítù. Wọ́n fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí i, pé kó mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń fún wa lóògùn nítòsí. Ó ní kí gbogbo ilé wá ṣe àyẹ̀wò." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, pé ẹ máa ya abọ́ mi sọ́tọ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Àjàyí ni mo rí.

Gbogbo wa ṣe àyẹ̀wò, kò mú ẹnì kankan, a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ní oògùn ti kápá àrùn náà, kò lè ranni mọ́, kó ṣá máa lò ó títí yóò fi parí. Nígbà tá a délé, mo gún iyán, mo bù ú sínú abọ́ kan ṣoṣo. Mo ní, "Bọwọ́ sí i." Ó ń wò mí. Mo kọ́kọ́ bọwọ́ sí i.

Ó ti parí oògùn, ó ti sanra, òun ló rán bùbá tó wà lọ́rùn mi yìí. Ó ti ní ìyàwó gidi náà, l'Ákòtún… ẹ máa rẹ́rìn-ín o.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni láàárín yín tí ikọ́ rẹ̀ kò bá lọ, ẹ má jẹ́ kó pè é ní atẹ́gùn. Tó bá sá, ẹ wá a lọ. Àjàyí ò rẹ́ni mú oògùn wá a dé ahéré. Ká ní ó rí i ni, ẹ̀yin náà ì bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.