Èjìká Àbúrò Mi àti Kóòṣì Tí A Fà Á Lé Lọ́wọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, nítorí láti ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Àbúrò mi obìnrin, Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹni tí a jọ máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa, ń bá mi yan odì. Ó ń yan odì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mú ẹran nínú abọ́ mi, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì bàjẹ́ tán. Ohun tó fà á ni pé kóòṣì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ tún ti ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀. Àbúrò mi fẹ́ lọ. Dádì àti mọ́mì wa sì ti fẹnu kò pé ohun tí èmi bá sọ ni àwọn máa tẹ̀ lé. Èmi kẹ̀! Èmi tí mi ò lè bèèrè pé kí wọ́n fi ata sí i fún mi ní ilé oúnjẹ! Èmi tó jẹ́ pé tí pásítọ̀ bá ní kí n wá gbàdúrà ìparí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí mi!

Humble ni à ń gbé, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí bàálù ti máa ń kọjá lórí ilé débi pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́ kó kọjá ná. Ẹnjiníà ni dádì, mọ́mì ní daycare, ilé tí wọ́n ti ń bá àwọn òbí tọ́jú ọmọ kékeré, èmi tí mo jáde ilé-ìwé girama ní ọdún tó kọjá ni mò ń bá wọn ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ láàárọ̀, títí màá fi mọ ohun tí mo fẹ́ kà ní yunifásítì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi ni dírẹ́bà Mọ́rẹ́nikẹ́. Softball ló ń gbá, ìyẹn bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin tí ẹnì kan máa ń jù láti ìsàlẹ̀ ìbàdí, tí ẹlòmíràn á sì fi igi gbá a. Àbúrò mi ló máa ń jù ú. Tó bá ju bọ́ọ̀lù, ẹ ò ní rí i rárá, ìró rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń hán an lẹ máa gbọ́. Ọdún tó máa fi parí ilé-ìwé ló kù yìí, ohun kan ṣoṣo tó sì ń lé ni pé kí yunifásítì kan mú un sínú tíìmù wọn, kó máa gbá bọ́ọ̀lù, kó máa kàwé.

Tíìmù tí gbogbo òbí ń lé nígbà náà wà ní League City, ìlú tó jìnnà sí tiwa. Kí a tó dé ibẹ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́ á ti sùn, á ti jí, á tún ti bínú sí orin tí mo gbé sí i. Wọ́n ní kóòṣì wọn mọ àwọn kóòṣì yunifásítì lórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń dán àwọn ọmọ wò, àbúrò mi ju bọ́ọ̀lù títí ọkùnrin náà fi bọ́ awò ojú rẹ̀ kó lè wò ó dáadáa. Wọ́n mú un lójú ẹsẹ̀. Inú dádì dùn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kóòṣì mú, wọ́n sì sọ ohun tí bàbá máa ń sọ fún tíṣà ní ilẹ̀ Yorùbá: “Ọmọ yín ni. Bó bá ṣe wù yín ni kí ẹ ṣe é. Tó bá yájú, ẹ má wo ojú mi rárá.” Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Ní ilé wa, tíṣà tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ẹrù ni wọ́n gbé ka òun lórí. Ó máa tọ́jú ọmọ náà ju ti ara rẹ̀ lọ ni, kí ojú má baà tì í. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yìí wo dádì bí ẹni tí wọ́n ṣàdédé fún ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó gbà pé wọ́n ti yọ̀ǹda ọmọ náà fún òun pátápátá ni. Ta ni kí a bínú sí nínú àwọn méjèèjì? Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀.

Kóòṣì yìí mọ ariwo í pa! Tí ẹnì kan bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló máa sáré yí pápá ká nínú oòrùn. Àwọn ìyá òyìnbó máa ń kùn, ọ̀kan tiẹ̀ fa ọmọ tirẹ̀ lọ sílé. Dádì ní tiwọn máa ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù tó dùn. “Ẹ rí kóòṣì! Tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò, ẹgba ló fi kọ́ mi, mi ò sì gbàgbé ìṣirò náà títí dòní.” Mọ́mì á ní, “Àwọn òyìnbó yìí kẹ́ ọmọ jù.” Nítorí pé a ti kọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ pé ọmọdé kì í dá àgbà lóhùn, òun ni kóòṣì máa ń pè nígbàkúgbà pé kó wá jù ú. Àwọn ọmọ yòókù á ní ó ti rẹ àwọn. Àbúrò mi á ní, “Yes, sir.”

Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ bíi tèmi máa ń ráyè wo nǹkan. Mo kọ́kọ́ rí i pé kì í fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń bẹ mọ́mì kí wọ́n bá òun di irun òun sẹ́yìn, òun tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irun òun tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, dádì ní kó bu omi wá. Ó bù ú wá, ó sì fi ọwọ́ òsì nà án sí wọn. Dádì ò gbà á. “Ọwọ́ òsì? Èmi bàbá ẹ?” Mọ́mì gbè wọ́n láti kíṣìnì: “Ẹ fi í sílẹ̀, lọ́la á máa fi ẹsẹ̀ gbé e fún wa! Amẹ́ríkà ti gba ọmọ yìí mọ́ wa lọ́wọ́ o!” Mọ́rẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà,” ó pààrọ̀ ọwọ́, omi sì dà sí i láṣọ. Wọ́n ní àìfarabalẹ̀ ni. Èmi rí i pé ó ti fi eyín di ètè mú kó tó gbé ọwọ́ ọ̀tún yẹn sókè.

Nígbà tí a ń lọ sí pápá lọ́jọ́ kejì, mo bi í nínú ọkọ̀.

“Èjìká ẹ ń dùn ẹ́, àbí?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo títì o.”

“Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀.”

“Mo ti gbọ́. Please, ẹ má sọ fún Dádì. Kóòṣì ní ẹni tó bá ń ráhùn ò ní ju bọ́ọ̀lù níbi ìdíje ńlá yẹn, gbogbo àwọn kóòṣì yunifásítì ló sì ń bọ̀ wá wò wá. Tó bá ti parí, màá sinmi.”

“Ṣé òun mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́?”

“Ó mọ̀. Ó ní kí n gbé yìnyín lé e.”

Mo ń wa ọkọ̀ mi lọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dì mọ́ra: dádì ti gbé e fún kóòṣì, kóòṣì ti ní kó pa ẹnu mọ́, òun náà ti bẹ̀ mí pé kí n pa ẹnu mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu pípa mọ́ ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ooru Houston yẹn ń bẹ níbẹ̀ bí ẹni tó gba ìwé ìpè. Dádì àti mọ́mì jókòó sórí àga tí wọ́n ń ká, mọ́mì gbé mọ́ínmọ́ín wá, àwọn òbí òyìnbó sì ń jẹ ẹ́ wọ̀ọ̀wọ̀, wọ́n ń pè é ní kéèkì pupa. Mọ́rẹ́nikẹ́ ju bọ́ọ̀lù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n borí. Ó tún jù ú nínú èkejì. Kí ẹ̀kẹta tó bẹ̀rẹ̀, mo rí i níbi tó ti ń fi eyín ṣí ike omi, tó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Kóòṣì ké orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó sì wojú mi. Kì í ṣe dádì ló wò o, èmi ló wò.

Mo dìde lọ bá dádì láàárín èrò. Mo mọ̀ pé tí mo bá kàn dúró sọ ọ́, wọ́n á ní kí n lọ jókòó, pé kóòṣì mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí bàbá mi ò fi ní lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mi ni mo lò. Mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé mo tẹ̀ba díẹ̀ kí n fi ìka kan ilẹ̀ bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Mo nà gbalaja lójú gbogbo ayé, àyà mi kan ilẹ̀, eruku wọ imú mi.

Yéè! Ariwo sọ. Obìnrin òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa figbe ta pé ooru ti pa mí. Ẹnì kan da gbogbo omi yìnyín tó wà nínú kúlà sí mi lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ń ké pe ẹni tó ń tọ́jú àwọn eléré. Wọ́n dá eré tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dúró. Mọ́mì ń pe Jésù. Dádì nìkan ló mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe mí.

“Kí ló dé? Dìde! Kí lo fẹ́?”

“Dádì, mi ò ní dìde. Ẹ má jẹ́ kó jù ú mọ́. Ọjọ́ tó fi ọwọ́ òsì gbé omi fún yín, kì í ṣe pé ó rí yín fín. Kò lè gbé ọ̀tún ni!”

Olùtọ́jú àwọn eléré sáré dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ọrùn mi. Mo sọ fún un láti inú eruku pé èmi kọ́, ọmọbìnrin yẹn ni. Ó wojú mi, ó wojú dádì, dádì sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ bá Mọ́rẹ́nikẹ́, ó ní kó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà dé ọ̀gangan èjìká, ó dúró síbẹ̀. Ọkùnrin náà yíjú sí rẹfirí, ó ní ti ọmọ yìí ti parí fún tòní. Kóòṣì sáré wá, ó ń sọ̀rọ̀ fatafata pé kò ráhùn rí, pé bàbá rẹ̀ gan-an ló ní kí òun ṣe é bó ṣe wu òun. Dádì ò pariwo. Wọ́n rọra bi í bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà pé: “Mo ní ọmọ yín ni. Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe ọmọ yín nìyí?” Dádì gbé báàgì àbúrò mi kọ́ èjìká ara wọn, ó di ilé. Nínú ọkọ̀, dádì ní, “Omi yìnyín yẹn ńkọ́, ó tutù dáadáa?” Mọ́mì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kí a tó mọ̀, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, Mọ́rẹ́nikẹ́ ń rẹ́rìn-ín ó ń sunkún. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí wọ́n ń ké pé kí n bu omi fún àwọn.

Dókítà ní iṣan èjìká rẹ̀ kò já, ìsinmi ló nílò. Kóòṣì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé àwọn ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní Richmond, ìlú mìíràn, a rí tíìmù kékeré kan tí obìnrin àgbàlagbà kan ń kọ́. Ó gba Mọ́rẹ́nikẹ́ láti máa fi igi gbá bọ́ọ̀lù nìkan, kó má jù ú. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi í ní gbogbo ìgbà ni pé, “Báwo ni èjìká lónìí?” Ó sì máa ń dúró gbọ́ èsì. Òun ló tún bèèrè pé ta ló ń kọ̀wé sí àwọn yunifásítì. Dádì fi ayọ̀ mú fóònù jáde. Ẹ ò rí ìmeèlì wọn! “Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo kí gbogbo ilé yín. Èmi ni bàbá ọmọ náà.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní ohùn ọmọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ti bàbá. Mọ́mì ní ṣé ọmọdé á wá máa fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mọ́rẹ́nikẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, yunifásítì kékeré méjì sì dáhùn.

Ara ti ń tù wá kí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa láti League City tó dé. Kóòṣì ní kóòṣì yunifásítì ńlá kan ṣì ń bèèrè ọmọ tó ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìdíje yẹn, pé kó padà wá, pé òun á rọra lò ó. Dókítà sì ti ní ó lè máa jù ú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí dádì àti mọ́mì bi mí, mo ní rárá. Ìdí tí Mọ́rẹ́nikẹ́ fi ń bá mi yan odì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí, ó wọlé bá mi ní daycare, níbi tí mo ti ń wọ bàtà fún ọmọ kan. Ó ní, “Tí mo bá padà, tó bá dùn mí, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́. Ẹ ò lè máa bá mi sọ ọ́ títí ayé.” Ó sì jáde.

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ní Richmond, wọ́n ń bi í kó tó sọ. Níbi tó fẹ́ lọ yìí, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti rin irú ọ̀nà yìí pẹ̀lú ọmọ, Sátidé ni wọ́n ń retí èsì lọ́wọ́ wa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ọmọ tó ti ń ní “Yes, sir” láti kékeré lè ní “Ó tó” nígbà tí ẹni tó di ọjọ́ iwájú rẹ̀ mú bá ń pariwo lé e lórí? Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n gbà á gbọ́?