Ọjọ́ Tí Òjìji Mi Ṣubú sí Òsì

Alihamudulilahi! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ bá mi tún un sọ: Alihamudulilahi! Kí ẹ tó pè mí, kíṣìnnì ni mo wà, mò ń ka abọ́ tí a ó fi jẹ ìrẹsì. Mo ti ka méjìdínlógójì, ó ku méjì. Kí ẹnìkan bá mi wá méjì yẹn. Ẹ mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti ń wá sí ìpàdé wa yìí ní Rogers Park, ẹ ò gbọ́ ju "àmín" lọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n lónìí, bí mo bá dákẹ́, aláìmoore ni mí. Ọlọ́hun tóbi! Ọlọ́hun yọ wá!

Ẹ rántí ìgbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Schaumburg dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù méjì ló fi jókòó ti fèrèsé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì wù ú ni ògbólógbòó ọkọ̀ onígbòkun kan tó ti ń tún ṣe létí adágún láti ọdún mẹ́rin. Bí yìnyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó kàn dìde, ó ní, "Rísí, ká gbé ọkọ̀ yìí lọ síbi tí oòrùn wà." Ẹ̀gbọ́n mi ní Matteson pè mí lórí fóònù: "Ìwọ tí o ò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Ṣé orí ọkọ rẹ pé báyìí?" Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ ti là. Mo di ẹrù. A so ọkọ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, a wakọ̀ títí dé Florida, a sì bọ́ sójú òkun: èmi, ọkọ mi, Simbi ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Ìyá ní àwọn ò ní dá jókòó ti yìnyín.

Ó dùn o! N kò ní purọ́. Oṣù méjì gbáko, láti erékùṣù dé erékùṣù. Láàárọ̀, èmi àti Simbi á ka ìwé iléèwé rẹ̀. Lọ́sàn-án, a ó fọ aṣọ, a ó sá ìró Ìyá sórí okùn ọkọ̀, àwọn apẹja á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa juwọ́ sí wa. Ọkọ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Bí ìrun bá tó, á wo kọ́ńpáàsì tó kàn mọ́ ìta ògiri yàrá ọkọ̀, á nawọ́, á ní, "Gábàsì nìyí." Ibẹ̀, ìhà ìlà oòrùn, la ó tẹ́ ẹní sí.

Ìyá ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí wọ́n fi ń gbọ́ wáàsí. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ló máa ń wà. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a kúrò ní erékùṣù kan láàárọ̀. Ìyá ní ọmọ àwọn kò gbọ́ wáàsí tó. Wọ́n gbé rédíò náà sórí pákó inú yàrá, ẹ̀yìn kọ́ńpáàsì gan-an, kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lè máa wọ etí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Kò sí èyí tó ronú sí i nínú wa.

Nígbà tí àlàásàrì tó, ọkọ mi nawọ́: "Gábàsì nìyí." Mo tẹ́ ẹní. Mo wolẹ̀, mo rí òjìji mi. Mo tún un wò.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Lójoojúmọ́, ní wákàtí yẹn, bí mo bá kọjú sí gábàsì, òjìji mi á ṣubú síwájú, á kàn yà sí òsì díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣubú sí òsì pátápátá, bí ìgbà tí èèyàn na apá. Oòrùn kò yí ipò padà. Àwa la ti yà!

Mo kírun tán. Ta ni mí tí n óò máa fọ̀nà han ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe? Mo wo Simbi tó ń ṣe ìṣirò lórí itan rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀.

"Baba Simbi, ọ̀nà wa kọ́ nìyí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Rísí, kọ́ńpáàsì kì í purọ́."

"Òjìji náà kì í purọ́."

Ìyá dá sí i láti inú yàrá: "Ìyàwó, jẹ́ kí ọkọ rẹ wa ọkọ̀. Ṣé ìwọ náà ti di kápútẹ́nì ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dákẹ́. Ọlọ́hun ò jẹ́ kí n dákẹ́! Mo di ìtọ́kọ̀ mú. "Ẹ dìde. Ẹ dúró lórí ẹní mi, kí ẹ wo òjìji yín. Bí mo bá ṣì í, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi dé Chicago."

Ó ní, "Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló máa mọ ìyàtọ̀?" Ṣùgbọ́n ó dìde. Ó wolẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá! Kí lẹ gbé sẹ́yìn ògiri yìí?"

"Rédíò mi ni. Kí ni rédíò ṣe?"

Ó bẹ́ wọlé, ó gbé e kúrò. Ẹ̀yin ìyá mi, ojú mi ló ṣe! Kọ́ńpáàsì náà yí, ó yí, ó tún yí, kó tó dúró. Òòfà tó wà nínú rédíò ló ti ń fà á láti àárọ̀. Àfi bí Simbi ṣe kígbe: "Dádì, omi iwájú yẹn funfun!" Òkúta ni! Òkúta abẹ́ omi, ìgbì ń fọ́ lórí rẹ̀, ó ń hó yẹẹ. Kò jìnnà ju ibí yìí sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ. Ọkọ mi yí ìtọ́kọ̀, ìgbòkun dún pàà, ọkọ̀ wa sì kẹ̀yìn sí ikú. Alihamudulilahi! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ọpẹ́ ni, ọpẹ́ ni!

Ìyá ń sunkún: "Wáàsí ni mo fẹ́ kí o gbọ́, ọmọ mi."

Ọkọ mi ní, "Ìyá, mo ti gbọ́ ọ."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní èbúté, òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ ìwé wa wò bi wá níbi tí a gbà. Ó mi orí: "Ọkọ̀ tó bá gun òkúta yẹn kì í bọ́ níbẹ̀. Ta ló tètè rí i?" Ọkọ mi nawọ́ sí mi.

A padà délé ní pípé, mẹ́rin tó lọ, mẹ́rin tó bọ̀. Ọkọ mi ti ríṣẹ́. Ìwọ tí o wà nínú wàhálà, má sọ ìrètí nù. Ohun kékeré tí ò ń ṣe lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, Ọlọ́hun lè fi gba ilé rẹ là. Bí o bá sì rí ohun tí kò tọ́, sọ ọ́, bí ohùn rẹ tilẹ̀ kéré. Ẹ ṣeun, ẹ bá mi dúpẹ́. N óò jókòó báyìí. Nígbà tí ọkọ mi ń gbé mi bọ̀ níbí lónìí, bó ṣe fẹ́ yà kúrò lójú títì ńlá, ó dẹ mọ́tò lọ́wọ́, ó wojú mi, ó ní, "Rísí, òjìji dà?"