Igi Ìbọn Olówó Pọ́ọ́kú Tí Mo Rà fún Reino

Darla, kà á jáde dáadáa, má sì fo ibì kankan, kódà ibi tó bá ti bu bàbá ẹ kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nínú àgọ́ ọdẹ yìí lọ́sàn-án òní, èémí mi ò gbé ọ̀rọ̀ gígùn mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ tí ọmọ mi fi ń kà á fún yín. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní bá mi dé ìgbà tí yìnyín máa yọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́sàn-án, ó ti sú mi, mi ò sì ní gbé e wọnú sàréè. Ọ̀la là ń bẹ̀rẹ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín. Ẹ̀gbọ́n mi Reino wà láàárín yín, lórí àga tí kò jókòó lé láti ọdún mẹ́sàn-án, torí mo parọ́ fún un pé kó wá bá mi tọ́ sọ́séèjì tuntun wò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sí sọ́séèjì kankan. Ozzie ọ̀rẹ́ mi, gbé pásìtì ẹlẹ́ran tó ò ń jẹ yẹn kalẹ̀, kó o gbọ́ mi.

Gbogbo yín lẹ mọ àwọn àkísà tó wà lára ògiri yìí. Ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tí kò bà á, a ó gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, a ó kọ orúkọ àti ọdún sí i, a ó sì kàn án mọ́bẹ̀. Bí bàbá wa ṣe bá a nìyẹn. Ti Ozzie nìkan tó mẹ́rin, ó sì ń fi yangàn. Ti Reino jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó ní ìlà àwọ̀ ewé yẹn. Ẹ wò ó dáadáa. Kò yẹ kó wà níbẹ̀, èmi ni mo sì mọ ìdí tí kò fi yẹ.

Ìbọn bàbá wa ló fà á, ìbọn àtijọ́ yẹn tá a máa ń fọwọ́ fa irin ẹ̀ sẹ́yìn kí ọta míì tó wọlé. Reino yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ẹ̀ nínú yìnyín, igi ìbọn náà sì sán níbi ọrùn. Irin ẹ̀ ò ní nǹkan kan, igi tó jókòó lé tá a fi ń ti èjìká nìkan ló bà jẹ́. Reino wá bá mi. Ó ní, "Wilbert, ìwọ lo mọ ohun tó dáa tí ò wọ́n. Bá mi wá igi tuntun. Kó fúyẹ́, o mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí mi léjìká. Kó má dúdú bí ìbọn ọlọ́pàá. Kó má máa yọ̀ lọ́wọ́ nínú òtútù. Kó má sì jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi tán."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kó máa bá yín se kọfí náà?"

Ó ní, "Tó bá lè sè é, má kọ̀."

Ẹni tí kò bá tíì wá igi ìbọn rí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyọnu. Odindi oṣù kan ni mo fi wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ra lágbára, òjò kì í mú un wú, àmọ́ ó wúwo, èjìká Reino ò ní gbà á. Èyí tó fúyẹ́ tó sì le koránkorán, owó ẹ̀ á ra fíríìjì. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, wọ́n ní ká dúró oṣù mẹ́fà. Ẹni kan á kọ ọ́ pé igi yìí dára, ẹnì kejì á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé òpònú ni ẹni àkọ́kọ́. Ozzie ń yọ mí lẹ́nu lójoojúmọ́ nídìí kọfí: "Wilbert, ṣé ìyàwó lò ń wá fún Reino ni àbí igi ìbọn? Rà á, jẹ́ ká sinmi." Inú bí mi. Mo ra oníke kan, àwọ̀ ewé gbígbẹ, èyí tó pọ́ jù lọ nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ tó dé, mo gbé e wá síbí, mo fi han gbogbo yín, mo ní ẹni tó bá san ìlọ́po márùn-ún fún tiẹ̀ ti finá sun owó. Ẹ rántí. Ẹnu mi ni mo fi kó bá ara mi.

Síkúrù méjì péré ló gbé e wọlé. Mo yìn ín wò lórí tábìlì, lórí àpò iyanrìn, ó bà dáadáa. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo ọdẹ ibí ń ṣe: mo ki owó bébà dọ́là kan sáàárín ọ̀pá ìbọn àti igi, mo fà á láti iwájú dé ẹ̀yìn, torí igi ò gbọdọ̀ kan ọ̀pá náà rárá, tó bá kàn án, ọta á yà. Dọ́là náà kọjá. Ká ní mo dúró síbẹ̀, mi ì bá máà mọ nǹkan kan, ẹ̀rí ọkàn mi ì bá mọ́. Ṣùgbọ́n mo fi àtàǹpàkò tẹ iwájú igi náà sókè díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé e lé ojú fèrèsé ibùba, ahéré kékeré tá a ti ń lúgọ de ẹran. Ike náà tẹ̀, dọ́là náà há.

Mo rí i. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Sáńpépà tí èèyàn wé mọ́ igi ìgbálẹ̀, ìdajì wákàtí péré, á ti tán. Ọjọ́ méjì ló kù kí ọdẹ bẹ̀rẹ̀, mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo ayé. Tí Reino bá bá mi nídìí sáńpépà, Ozzie á gbọ́, ẹnu ẹ̀ ò sì ní dákẹ́ títí ọdún á fi yí po. Mo ní, á ṣeé lò bẹ́ẹ̀ náà. Mo gbé ìbọn fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Akọ àgbọ̀nrín tí ìwo ẹ̀ ní ẹ̀ka mẹ́wàá jáde níwájú ibùba Reino, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ó sì dúró. Reino gbé iwájú ìbọn lé fèrèsé, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Kò bà á. Ọkùnrin tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, tí kò tíì tàsé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tó padà dé, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo di àlùmọ́gàjí mú. Ìwà burúkú nìyẹn, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tó burú jù.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó fà mí lọ sídìí igi ìdáná. Ó ní, "Wilbert, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìbọn ni, àbí èmi ni?" Ó tún ní, "O rántí ojú bàbá wa. Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà tí kò rí ọwọ́ ara ẹ̀ mọ́. Mo ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ṣé ó ti ń bọ̀ lára mi ni?" Ẹ̀rù ń bà á, mo sì rí i lójú ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí. Mo ní, "Ìbọn náà dáa, ẹ̀gbọ́n. Ó lè jẹ́ ojú yín."

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo gba ìbọn náà lọ sílé pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ilẹ̀kùn gáréèjì, mo tú síkúrù méjèèjì, mo fi sáńpépà ha inú igi náà títí dọ́là fi ń kọjá láìka bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sí. Ìdajì wákàtí. Mo wá pe Reino wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, mo gbé ìbọn náà lé igi ọgbà gan-an bó ṣe gbé e lé fèrèsé, mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí páálí kan níṣojú ẹ̀. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ẹyọ kan bò wọ́n. Ó wo páálí náà, ó wò ó títí. Ó na ọwọ́ sí ìbọn, ó ní, "Jẹ́ n yìn ín wò." Mo mọ̀ pé tó bá yìn ín, á bà, á sì béèrè ohun tó yí padà. Mo ní, "Ó tó, ẹ̀gbọ́n, òtútù ti mú yín," mo sì ti ìbọn náà bọ àpò ẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó ní, "Máa lò ó. Ìbọn bàbá wa ò yẹ ọwọ́ ẹni tí ò ríran." Mo gbà á. Mo gbà á, ẹ̀yin èèyàn, mo sì ti fi pa àgbọ̀nrín méje. Ní ti Reino, ó ta ọkọ̀ ẹ̀ lóṣù yẹn. Ó ta ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ pẹ̀lú. Ó kó kúrò nínú ilé tí òun àti olóògbé ìyàwó ẹ̀ kọ́, ó lọ gba yàrá kan nílùú ńlá, ibi tí igi mẹ́ta péré wà. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojú ẹ̀ dáa fún ọjọ́ orí ẹ̀. Reino ò gbà á gbọ́. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Dókítà ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo yìnbọn. Ìwọ wà níbẹ̀." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sínú ilé ìdáná, ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ru ẹrù. Mi ò sì pè é padà. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ dé ogún, ó ti sá títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìbọn náà wà lórí tábìlì yẹn, igi oníke kan náà ló wà lára ẹ̀. Ozzie, tú síkúrù méjèèjì, kó o wo inú ẹ̀. Wàá rí ojú ibi tí mo fi sáńpépà ha, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí. Ẹlẹ́rìí mi nìyẹn, torí mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́. Igi náà ò sì lẹ́bi o. Ẹ má lọ máa sọ pé ohun tí ò wọ́n ni ò dáa. Ohun tí ò wọ́n ń fẹ́ ìdajì wákàtí lọ́wọ́ ẹni tó rà á, èmi ni mi ò fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré nínú wa, tí dọ́là bá há, ẹ sọ pé ó há. Kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òṣì, ọjọ́ méjì á tán.

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ò ní nǹkan kan lọ́dún yẹn. Mo gba ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ yín nítorí kí Ozzie má bàa fi mí ṣẹ̀sín, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi san án. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Tí ẹ ò bá lè ṣe é lónìí, ó yé mi.

Darla, dákẹ́ kíkà díẹ̀. Yọ ìṣó ara àkísà aláwọ̀ ewé yẹn, kó o gbé àkísà náà fún ẹ̀gbọ́n mi. Àlùmọ́gàjí wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n, ṣẹ́ẹ̀tì pupa tẹ́ ẹ rà fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo wọ̀, mo sì ti kọ ẹ̀yìn sí yín. Ẹ gé ìdí ẹ̀, ẹ má gé e kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìbọn bàbá wa, ẹ jáde. Mo ti kan páálí kan mọ́ igi ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Mo jẹ yín ní ọta kan láti ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹ yìn ín. Bó bà, bí kò bà, á jẹ́ tiyín.