Ohun Tí Ara Ìyá Bá Mu

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀rí yìí ń tì mí lójú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Mo gbàdúrà tán, mo gbórí lé Bíbélì mi, oorun sì gbé mi lọ. Mo bá ara mi lójú ọ̀nà kan pẹ̀lú obìnrin àgbàlagbà tó wọṣọ agbẹ̀bí, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Ó ní, "Ìyá onípara, tẹ̀ lé mi."

A kọ́kọ́ dé ibi ìsinmi kan. Àwọn ìyá jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń fọ́mọ lọ́mú, awọ wọn ń dán bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ọ̀kan wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ojú pupa, oríkèé ọwọ́ dúdú! Mọ́mì, ṣé ọ̀dà yín ò tó ni?" Mo fi ọwọ́ mi pamọ́. Mo fẹ́ jókòó, agbẹ̀bí ní, "Kò tíì sí àyè rẹ níbí."

Ni a bá sọ̀kalẹ̀. Mo rí àwọn elékèé tí wọ́n ń wọ́ ahọ́n wọn nílẹ̀. Mo rí ọ̀gá kan tí pàṣán tó fi ń na ọmọọ̀dọ̀ ń na òun náà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ó tọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà ni òórùn ìpara abóra tí èmi gan-an ń pò tà kọlu imú mi, mo sì rí àwọn obìnrin tó rì dé ọrùn nínú ìpara, wọ́n ń ké pé, "A ò ní kí wọ́n mu ún, a ní kí wọ́n fi para ni!" gbogbo ihò ara wọn sì là bí ẹnu ìkókó, ó ń mu, kò yó, wọ́n ń wú, mo fẹ́ sá, ìpara náà ti dé orúnkún mi, mo pariwo pé, "Ìyá, ẹ gbà mí!"

Agbẹ̀bí ní, "Kí lo sọ fún Fọláṣadé?"

Ẹ mọ Fọláṣadé, akọrin wa tó lóyún oṣù márùn-ún. Nígbà tó ra ìpara lọ́wọ́ mi, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kò ní ṣe ọmọ mi ní nǹkan?" Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ mu ún ni? Fífi para ni."

Agbẹ̀bí tún bi mí pé, "Báwo lo ní kó ṣe lò ó?"

Mo dáhùn pé, "Mo ní kó jẹ́ kí ara mu ún dáadáa kó tó wọṣọ."

"Ẹnu rẹ ló jẹ́rìí. Ohun tí ara ìyá bá mu, ọmọ inú lè bá a mu ún."

Mo jí, òógùn bò mí.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo wú lọ́dún tó kọjá, ọ̀tá kọ́. Dókítà ní ìpara tí mò ń pò ló fẹ́ ba kíndìnrín mi jẹ́. Mo jẹ́ kí ẹ gbààwẹ̀ lé ọ̀tá tí kò sí lórí. Olúwa yọ mí, mo sì padà sídìí ìpara.

Ẹ̀yin aboyún tí ẹ rà á lọ́wọ́ mi, ẹ jáwọ́ lónìí, ẹ lọ fara yín han dókítà. Fọláṣadé, ọmọ mi, má sunkún. Má da ìpara tìẹ nù. Gbé ike náà lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ọ̀rá tí kò lórúkọ ni mo ti ń bu ìyẹ̀fun tí mo fi ń pò ó. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tó wà nínú rẹ̀, sọ pé ẹni tó pò ó gan-an kò mọ̀.