Ẹ̀fọ́ Inú Apẹ̀rẹ̀

Àárín obìnrin méjì kan ni mo jókòó sí nínú takisí láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣàgámù. Èyí tó kéré ti ń rẹ́rìn-ín kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Àǹtí, mo ní kí ìyá ọkọ mi bá mi já tẹ̀tẹ̀, kí wọ́n bó ẹ̀pà tí mo fẹ́ fi sè é. Mo kàn lọ wẹ̀ ni o!"

"Ìyá tó ń ta obì yẹn?"

"Àwọn náà ni! Kí n tó dé, wọ́n ti ṣa ẹ̀pà bí ẹní ṣa obì: ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ̀fọ́ mi sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n da ẹ̀pà ńlá lé e, wọ́n fi ẹ̀fọ́ tó kù bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹrù obì tó ń lọ Kánò."

"Yéè! O wá ṣe báwo?"

"Mo da gbogbo ohun inú apẹ̀rẹ̀ sínú ìkòkò, mo fi epo àti iyọ̀ sí i. Àǹtí, wọ́n lá abọ́! Wọ́n ní, 'Ọjà tí a bá ṣà dáadáa kì í dójú ti ọlọ́jà.'"

"Ẹ̀pà kékeré wá ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi wọ́n lọ́jà."